Tọkọtaya Lórí Pápá Tẹ́nìsì: Eré Tí Kò Mọ Régbérégbé

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìwé ìrántí yìí ní kí èmi náà kọ nǹkan sí i. Àwọn mìíràn ti kọ nípa bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀, nípa iṣẹ́ tí a ti ṣe sílùú àti nípa àwọn tó ti ṣe alága. Èmi fẹ́ kọ ìtàn eré kan tí èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi fẹ́ràn, ìyẹn tẹ́nìsì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín, nítorí ẹ mọ̀ pé ní àárọ̀ Sátidé kò sí ìpàdé tó lè mú mi kúrò lórí pápá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ wa.

Ohun tí régbérégbé kì í ṣe

Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ló mọ bí régbérégbé ṣe rí. Àwọn tí a bí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́ta síra wọn ló ń wà nínú ẹgbẹ́ kan. Wọn a ní orúkọ, wọn a dá aṣọ, wọn a sì jọ lọ bọlá fún Awùjalẹ̀ ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta ọdún Iléyá. Ohun rere ni. Ẹgbẹ́ ẹja lẹja ń wẹ̀ tọ̀, ẹgbẹ́ ẹyẹ lẹyẹ ń wọ́ lé. Ta ni yóò sọ pé ọdún mẹ́wàá tí a ti jọ lò kò ṣe wá láǹfààní?

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí régbérégbé kì í ṣe, a kì í sì í sábàá sọ ọ́. Kì í kó ọkọ àti aya pọ̀. Ìyàwó mi fi ọdún mẹ́rin kéré sí mi. Régbérégbé tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi, aṣọ rẹ̀ yàtọ̀, ọjọ́ ìpàdé rẹ̀ yàtọ̀. Lọ́jọ́ Ojúde Ọba, inú ilé kan náà la ti ń múra, inú ọkọ̀ kan náà la sì ń wọ̀ lọ. Bí a bá ti dé ojúde, ó di ìrọ̀lẹ́ kí a tó tún fojú kan ara wa. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹgbẹ́ ń kó àwọn tí a bí lásìkò kan náà jọ, ìgbéyàwó sì ń kó àwọn tí a kò bí lásìkò kan náà jọ. Níbo wá ni ọkọ àti aya ti lè ṣe ẹgbẹ́ ara wọn?

Èsì tí mo ní sí ìbéèrè yẹn ni pápá tẹ́nìsì. Ìtàn eré náà sì wà lẹ́yìn mi.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀

Ó pẹ́ tí àwọn ọba ilẹ̀ Faransé àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gbá irú tẹ́nìsì kan nínú ilé olórùlé. Èyí tí a mọ̀ lónìí, tí wọ́n ń gbá níta gbangba, kò tíì pé igba ọdún. Láàárín nǹkan bí ọdún 1859 sí 1865, àwọn ọ̀rẹ́ méjì kan ní ìlú Birmingham bẹ̀rẹ̀ sí í fi rákẹ́ẹ̀tì gbá bọ́ọ̀lù síra wọn lórí koríko. Ọ̀kan ni Harry Gem, agbẹjọ́rò. Èkejì ni Augurio Perera, oníṣòwò ọmọ ilẹ̀ Sípéènì. Àgbàlá ilé Perera ni wọ́n ti ń gbá a. Nígbà tó di 1874, ọ̀gá ológun kan tó ń jẹ́ Walter Clopton Wingfield gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú eré yìí, ó sì ń tà á nínú àpótí. Ẹni tó bá ra àpótí kan yóò rí rákẹ́ẹ̀tì, bọ́ọ̀lù, àwọ̀n àti òpó àwọ̀n nínú rẹ̀. Ó kù kó wá koríko tó tẹ́jú.

Ohun méjì ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe. Èkíní ni ẹ̀rọ ìgékoríko tí Edwin Budding ṣe ní 1830, tó jẹ́ kí koríko àgbàlá lè tẹ́jú pẹrẹsẹ láìsí pé àwọn alágbàṣe ń fi dòjé gé e lójoojúmọ́. Èkejì ni rọ́bà tí wọ́n ti fi imí ọjọ́ àti iná sè kó lè le, kó sì máa ta. Bọ́ọ̀lù àtijọ́ tí wọ́n fi aṣọ tàbí irun kì nínú kì í ta lórí ilẹ̀ rírọ̀, ńṣe ló máa ń kú síbẹ̀.

Ohun tó ya tẹ́nìsì sọ́tọ̀ ju gbogbo èyí lọ ni àwọn tó ń gbá a. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ti ọkùnrin ni wọ́n kà wọ́n sí nígbà náà. Ṣùgbọ́n inú àgbàlá ilé ni tẹ́nìsì ti gbilẹ̀, níbi tí bàbá, ìyá, ọmọ àti àlejò jọ wà. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ni tọkùnrin tobìnrin ti jọ ń gbá a. Yẹ̀rì àwọn obìnrin gùn dé ilẹ̀, okùn sì há wọn níbàdí, síbẹ̀ wọ́n ń sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló rí ọkọ tàbí aya níbẹ̀, torí pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ibi díẹ̀ tí ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ti lè jọ ṣeré lójú òbí láìsí ẹni tí yóò bá wọn wí.

Ìdíje ló kọ́kọ́ fẹ́ yà wọ́n nípá. Nígbà tí ẹgbẹ́ kan ní Wimbledon, lẹ́bàá Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ìdíje àkọ́kọ́ ní 1877, ọkùnrin nìkan ni wọ́n pè. Àwọn 22 ló forúkọ sílẹ̀, Spencer Gore ló sì borí. Ó di 1884 kí wọ́n tó gba obìnrin láàyè. Àwọn 13 ló wá. Maud Watson àti Lilian ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bá ara wọn ní àṣekágbá, àbúrò sì borí ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó di 1913, eré àdàlù wọ inú ìdíje ńlá Wimbledon. Eré àdàlù ni pé kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan wà lápá kan àwọ̀n, kí ọkùnrin kan àti obìnrin kan sì wà lápá kejì. Ohun tí wọ́n ti ń ṣe lágbàlá láti nǹkan bí ogójì ọdún ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá fi ife ẹ̀yẹ sí.

Leslie àti Kitty

Nínú gbogbo tọkọtaya tó ti gbá eré àdàlù yìí, àwọn kan wà tí ìtàn wọn wọ̀ mí lára gan-an. Orúkọ ọkọ ni Leslie Godfree. 1885 ni wọ́n bí i. Orúkọ aya ni Kathleen McKane, ṣùgbọ́n Kitty ni gbogbo ayé ń pè é. 1896 ni wọ́n bí òun, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún mọ́kànlá ló wà láàárín wọn. Ká ní ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, régbérégbé tó wà láàárín tọkọ àti taya yìí ìbá tó méjì tàbí mẹ́ta. Tí Leslie bá ń lọ sípàdé, Kitty kò ní í mọ ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀.

Leslie kì í ṣe ẹni tó lókìkí jù nínú àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun kan tó ṣe kò ní í parẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù June 1922, Wimbledon ṣí pápá ńlá rẹ̀ tuntun, èyí tí wọ́n ń lò títí di òní. Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá lórí pápá náà, ọwọ́ Leslie ló ti jáde. Algernon Kingscote tó dojú kọ ọ́ gbá a padà sínú àwọ̀n. Leslie sáré lọ síbi àwọ̀n, ó mú bọ́ọ̀lù náà, ó sì kì í bọ àpò. Kingscote nà án bí ẹní na bàrà lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti wà lápò rẹ̀. Mo máa ń rántí bọ́ọ̀lù yẹn nígbàkígbà tí wọ́n bá nà mí ní Sátidé. Ẹni tó fẹ́ràn eré kì í lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Leslie àti Randolph Lycett gba ife ọkùnrin méjìméjì ní Wimbledon kan náà.

Ti Kitty kọjá bẹ́ẹ̀. Ní ìdíje Òlíńpíìkì ti 1920 àti ti 1924, àmì ẹ̀yẹ márùn-ún ló gbà nínú tẹ́nìsì: wúrà kan, fàdákà méjì, idẹ méjì. Ní àṣekágbá Wimbledon ti 1924, ó pàdé Helen Wills, ọmọ Amẹ́ríkà ọlọ́dún méjìdínlógún. Helen gba sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́, 6-4, ó sì ti ń ṣíwájú pẹ̀lú 4-1 nínú èkejì. Ẹni tó bá ń wòran á ti gbà pé ó ti parí. Kitty kò gbà. Ó gba géèmù márùn-ún tẹ̀ léra, sẹ́ẹ̀tì kejì di tirẹ̀, ó sì tún gba ẹ̀kẹta, 6-4. Ìgbà mẹ́sàn-án ni Helen Wills dá gbá Wimbledon láyé rẹ̀, ìgbà mẹ́jọ ló gba ife. Ìgbà kan ṣoṣo tí wọ́n borí rẹ̀, Kitty ni.

Ní oṣù January 1926, Leslie àti Kitty wà ní Gúúsù Áfíríkà níbi tí wọ́n ti ń gbá tẹ́nìsì kiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Láàárín ọdún kan náà, Kitty borí Lili de Alvarez ọmọ Sípéènì, ó sì gba ife obìnrin lẹ́ẹ̀kejì ní Wimbledon. Lẹ́yìn náà, òun àti ọkọ rẹ̀ jọ dúró lápá kan àwọ̀n, wọ́n borí Mary Browne àti Howard Kinsey, 6-3, 6-4. Títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, àwọn nìkan ni tọkọtaya tó tíì gba ife àdàlù Wimbledon. Ní 1927, wọ́n tún dé àṣekágbá, ṣùgbọ́n Frank Hunter àti Elizabeth Ryan fi ẹ̀yìn wọn balẹ̀.

Èyí tó wù mí jù nínú ìtàn wọn wá lẹ́yìn ife. Wọ́n bí ọmọkùnrin méjì. Ọjọ́ orí gorí ọjọ́ orí, àwọn ọ̀dọ́ gba pápá ńlá lọ́wọ́ wọn, kò sì sẹ́ni tó tún fi ife síwájú wọn. Leslie kú ní 1971, lẹ́yìn ọdún márùndínláàádọ́ta tí wọ́n ti jọ wà. Kitty ti pé ọmọ ọdún 75 nígbà náà. Kò gbé rákẹ́ẹ̀tì kọ́. Ó ṣì ń gbá tẹ́nìsì lẹ́yìn tó ti kọjá ọgọ́rin ọdún. Oṣù June 1992 ló kú, ọmọ ọdún 96 ni. Ọdún kan ṣoṣo ni òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gba ife náà. Eré náà wà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ọdún yòókù, ó sì bá opó náà dúró fún ohun tó ju ogún ọdún lọ.

Kì í ṣe oògùn

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo ń sọ pé tẹ́nìsì ń so ìgbéyàwó ró bí oògùn. Chris Evert ọmọ Amẹ́ríkà àti John Lloyd ọmọ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ ara wọn ní 1979, ògbóǹtarìgì sì ni àwọn méjèèjì. Wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1987. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n gbá ló fẹ́ràn rẹ̀. Andre Agassi gba ife mẹ́jọ nínú àwọn ìdíje mẹ́rin tó tóbi jù láyé, ṣùgbọ́n nínú ìwé tó gbé jáde ní 2009, ó ní òun kórìíra tẹ́nìsì, nítorí tipátipá ni bàbá òun fi kọ́ òun láti kékeré.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ohun tó ń di iṣẹ́ lè sú ni, ohun tó ń di ìjà lè tú ilé. Èyí tí a ń sọ níhìn-ín ni eré tí a fi ń ṣeré, tí kò sí owó níbẹ̀, tí ẹni tó borí àti ẹni tó fìdí rẹmi yóò jọ mu omi nínú kúlà kan náà.

Bọ́ọ̀lù àárín

Eré náà kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ wa. Láti 1895 ni Lagos Lawn Tennis Club ti wà ní Òníkàn. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa lè rántí oṣù February 1976, nígbà tí àwọn ògbóǹtarìgì àgbáyé wá díje ní Èkó. Arthur Ashe, adúláwọ̀ tó gba ife ọkùnrin Wimbledon ní 1975, wà nínú wọn. Ọjọ́ 13 oṣù yẹn ni wọ́n pa Ọ̀gágun Murtala Muhammed. Nígbà tí Ashe ń bá Jeff Borowiak gbá, àwọn sójà wọlé, wọ́n ní kí wọ́n dá eré dúró, òkè òkun ni wọ́n sì ti lọ parí rẹ̀. Ní 1983, Nduka Odizor tí wọ́n bí ní Èkó na Guillermo Vilas ní Wimbledon lẹ́yìn tí Vilas ti gba sẹ́ẹ̀tì méjì, ó sì bá a dé ìpele kẹrin. Lọ́dún náà, gbogbo ọmọ àdúgbò wa ló fẹ́ ní rákẹ́ẹ̀tì. Àwọn kan fi pákó gbẹ́ tiwọn.

Èmi náà wà lára wọn. Ṣíṣa bọ́ọ̀lù fún àwọn àgbà ni mo fi kọ́ eré náà. Nígbà tí mo gbéyàwó, èmi nìkan ni mo ń lọ sí pápá, ìyàwó mi á jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn ìbejì wa. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ̀yin ọkùnrin nìkan ni Ọlọ́run dá ọwọ́ fún ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Mo gbé rákẹ́ẹ̀tì lé e lọ́wọ́, mo sì gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó lé ní ogún ọdún báyìí.

Kò dùn láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í jọ dúró lápá kan, a máa ń jà délé. Ohun tó sì ń dá ìjà sílẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: bọ́ọ̀lù tó gba àárín wa kọjá. Èmi á rò pé òun ló fẹ́ gbá a. Òun á rò pé èmi ni. Bọ́ọ̀lù á kọjá, àwa méjèèjì á wá máa wo ara wa. Bí èmi bá sì sáré gbá a, ó lè jẹ́ pé òun náà ti gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, a ó sì forí gbárí.

Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì àti ìyàwó rẹ̀ ló là wá. Ó ti pẹ́ kí a tó dé pápá yẹn ni wọ́n ti jọ ń gbá níbẹ̀. Bàbá pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ gbọ́. Ẹ má fojú pín bọ́ọ̀lù àárín, ẹ fẹnu pín in. Ẹni tó bá fẹ́ gbá a kó ké pé 'Tèmi!' Tó bá ti ké, kí èkejì kúrò lọ́nà. Tí ẹni tó ké bá wá gbá a sódì, èkejì kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀." Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọdún mẹ́fà ni èyí tó kẹ́yìn yẹn gbà á kó tó mọ̀ ọ́n ṣe."

A gbìyànjú rẹ̀, ó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìbejì sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò lè gbàgbé. Lọ́dún yẹn, wọ́n dá àwọn ọmọ padà wálé nítorí owó ilé ìwé. Èmi rò pé òun ti san án nínú owó ọjà, òun rò pé mo ti san án nínú owó oṣù. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó ní, "Bàbá Ìbejì, bọ́ọ̀lù àárín mà ni." Ẹnu mi wọhò. Láti ìgbà náà ni a ti ń fẹnu pín nǹkan nílé: ta ni yóò san èyí, ta ni yóò lọ wo ìyá ní ilé ìwòsàn, ta ni yóò bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ẹnì kan á ní "Tèmi", ó parí. Ọ̀pọ̀ ìjà tọkọtaya tí mo ti bá wọn parí nínú ẹgbẹ́ yìí, bọ́ọ̀lù àárín ni.

Ẹni tó kù sẹ́yìn

Bàbá tó kọ́ wa kú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gudugudu méje lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n wọ aṣọ kan náà, wọ́n kó owó sínú àpò ìwé, wọ́n jó. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, ẹsẹ̀ wọn dá. Èmi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹgbẹ́ Bàbá ni, wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ Ìyá. Ṣùgbọ́n oṣù kẹrin lọ, oṣù karùn-ún lọ, a kò rí Ìyá ní pápá. Nígbà tí Ìyá Ìbejì lọ kí i, ó bá àwọn rákẹ́ẹ̀tì méjèèjì lára ògiri pẹ̀lú eruku. Ìyá ní, "Ta ni n ó bá gbá?" Ìyàwó mi ní, "Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé kí a máa ké. Ẹ ṣáà ké." Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ gbé e. Ó ti ń wá látìgbà náà. Kò lè sáré mọ́, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sítòsí rẹ̀, ẹ gba ọ̀nà fún un.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Láti ọdún mẹ́wàá, a ti pàdánù àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa. Orúkọ wọn wà nínú ìwé yìí, a ó sì dìde dúró fún wọn lọ́jọ́ àjọ̀dún. Ìgbà wo la rí àwọn ìyàwó wọn gbẹ̀yìn? A mọ ọkọ wọn fún ọdún pípẹ́, a jẹ oúnjẹ wọn níbi ìpàdé, a ń pè wọ́n ní ìyàwó wa. Nígbà tí ọkọ lọ, ó dà bí ẹni pé a ti já wọn kúrò nínú ìwé. Kitty Godfree ní pápá tó lè padà sí fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Kí ni àwọn ìyàwó ẹgbẹ́ wa ní?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún

Àwọn tó ń ṣètò tẹ́nìsì lágbàáyé náà ní irú régbérégbé tiwọn. Nínú ìdíje àwọn àgbà, ọdún márùn-márùn ni wọ́n fi ń pín wọn: àwọn tó ti pé 35, àwọn tó ti pé 40, títí dé 90 sókè. Leonid Stanislavskyi, ọmọ ilẹ̀ Ukraine tí wọ́n bí ní 1924, ṣì ń díje ní 2021 nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 97. Èyí fi hàn pé a kò tíì dàgbà jù, ẹ̀yin ará mi.

Ní ìlú Copenhagen, àwọn oníwádìí tẹ̀ lé àwọn ènìyàn 8,577 fún nǹkan bí ọdún 25, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018. Àwọn tó ń gbá tẹ́nìsì fi ọdún 9.7 pẹ́ láyé ju àwọn tí kì í ṣe eré ìdárayá kankan lọ. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ jẹ́ 4.7, sísáré sì jẹ́ 3.2. Àwọn oníwádìí náà kò sọ pé tẹ́nìsì nìkan ló fa gbogbo rẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ẹni tó rọ̀ ṣọ̀mù ló ń ráyè gbá a. Ṣùgbọ́n wọ́n kíyè sí i pé àwọn eré tí ènìyàn kò lè dá ṣe, tó gbọ́dọ̀ rí ẹlòmíràn bá ṣe é, ló wà lókè.

Nítorí náà, mo ń bẹ alága àti ìgbìmọ̀ pé, bí a ṣe ń wọ ọdún kọkànlá, kí a ya ọ̀sán ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣooṣù tí kò ní jẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Kí ọmọ ẹgbẹ́ mú ìyàwó rẹ̀ wá, régbérégbé yòówù kó wà. Kí a lọ gbé àwọn ìyàwó olóògbé wa wá láti ilé wọn, kí a má wulẹ̀ fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Kò dandan kó jẹ́ tẹ́nìsì, mo mọ̀ pé rákẹ́ẹ̀tì wọ́n lọ́jà. Ọpọ́n ayò lè wà níbẹ̀, tẹ́nìsì orí tábìlì lè wà níbẹ̀. Kó ṣáà jẹ́ ohun tí ọkọ àti aya lè jọ dúró lápá kan ṣe. Rákẹ́ẹ̀tì mẹ́rin wà nílé mi tí n ó kọ́kọ́ kó sílẹ̀.

Ẹgbẹ́ wa ti ń gbá bọ́ọ̀lù tó bọ́ síwájú wa dáadáa: ti ìlú, ti ilé ìwé, ti ìsìnkú. Àwọn opó wa ni bọ́ọ̀lù àárín. Kálukú wa ń rò pé ẹlòmíràn ti lọ wò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan ké. Ní tèmi, mo ti ké.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí a ṣe ogún ọdún, kí ó jẹ́ kí ọkọ àti aya jọ dàgbà, kí ó sì jẹ́ kí ẹni tó bá kù sẹ́yìn rí ẹni bá a ṣeré. Ẹ kú àjọ̀dún o.